Ẹ̀ka Tó Ń Wó: Ọ̀dà Olómi, Ẹyẹlé Aṣíkiri àti Ẹ̀bi Ìparun nínú Àwòrán Walton Ford

Ní ọdún 2002 ni Walton Ford, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí sí Larchmont ní ìpínlẹ̀ New York ní ọdún 1960, ya àwòrán ńlá kan tó pè ní Falling Bough. Bí a bá fẹ́ túmọ̀ orúkọ náà, Ẹ̀ka Tó Ń Wó ló súnmọ́ ọn jù. Orí bébà ni ó yà á sí. Ọ̀dà olómi ni ohun èlò rẹ̀ pàtàkì, ó sì fi gouache, pẹ́ńsùlù àti tàdáwà kún un. Àwòrán náà ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 5, ó sì fẹ̀ tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10. Ẹ̀ka igi ràbàtà kan ló gba ojú rẹ̀ kan. Ẹ̀ka náà ti ya kúrò lára igi, ó ń já bọ̀ láti òkè, àwọn ẹyẹ sì bò ó pitipiti débi pé agbára káká ni ojú fi ń rí èèpo igi. Lọ́ọ̀ọ́kán, ogunlọ́gọ̀ ẹyẹ mìíràn ń wọ́ lọ lójú ọ̀run bí èéfín. Ohun tó ń ya ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i lẹ́nu ni pé ọ̀pọ̀ àwọn ẹyẹ orí ẹ̀ka náà kò wá ọ̀nà àtisá. Àwọn kan ń jà, àwọn kan ń gun ara wọn, àwọn mìíràn ń ṣe ọmọ inú ìtẹ́ níkà, bí ẹni pé ilẹ̀ tó ń bọ̀ wá pàdé wọn kò kàn wọ́n.

Ẹyẹ tó wà lórí ẹ̀ka yìí kò sí láyé mọ́. Ectopistes migratorius ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún un, èyí tó kẹ́yìn nínú wọn sì kú ní ọdún 1914. Ta ló jẹ̀bi ikú wọn? Ìbéèrè tó wà nídìí àwòrán náà nìyẹn, ṣùgbọ́n Ford kò béèrè rẹ̀ ní gbangba. Ohun tó ṣe ni pé ó mú ìdáhùn èké kan, ó sì kùn ún dáradára débi pé ojú ẹni kọ́kọ́ ń gbà á gbọ́.

Ìṣòro orúkọ ni yóò kọ́kọ́ pàdé ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ yìí ní èdè Yorùbá, kì í sì í ṣe ìṣòro kékeré. Ẹyẹlé ni ìwé atúmọ̀ èdè yóò tọ́ ọ sí. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ti fi hàn, ẹyẹ ilé ni ẹyẹlé: ẹyẹ tó bá onílé dá májẹ̀mú, tó ń bá a jẹ, tó ń bá a mu, tí wọ́n sì retí pé kò ní yẹra fún un lọ́jọ́ ìpọ́njú. Ẹyẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà yìí kò bá ilé kankan dá irú májẹ̀mú bẹ́ẹ̀. Inú igbó ló ń gbé, èso igi beech àti ti oak ló ń jẹ, ibi tí èso bá sì ti so ló ń ṣí lọ. Àdàbà súnmọ́ ọn ní ìrísí. Òrofó súnmọ́ ọn ní ìwà, nítorí orí igi eléso ni òun náà ti ń jẹ̀ lọ́wọ̀ọ́wọ́. Ẹyẹlé aṣíkiri ni àpilẹ̀kọ yìí yóò máa lò, nítorí pé ó bá orúkọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ mu, ṣùgbọ́n kí òǹkàwé má ṣe jẹ́ kí ilé tó wà nínú orúkọ náà tan òun jẹ. Òrofó yóò tún yọjú nísàlẹ̀, fún ìdí mìíràn.

Ọ̀dà olómi pẹ̀lú ń fẹ́ àlàyé díẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo ọ̀dà tó bá ń ṣàn ni orúkọ náà tọ́ sí. Àwọ̀ tí wọ́n lọ̀ kúnná ni wọ́n fi oje igi acacia pò, omi lásán ló sì ń tú u. Omi yóò gbẹ, oje yóò lẹ àwọ̀ mọ́ bébà, ìmọ́lẹ̀ yóò sì gba inú àwọ̀ náà kọjá lọ kan funfun bébà kó tó padà wá sí ojú ẹni. Ìdí nìyí tó fi dà bí ẹni pé àwòrán ọ̀dà olómi ń tàn láti inú wá. Ọ̀dà olóróro kò rí bẹ́ẹ̀. Ayàwòrán tó ń lo òróró lè kùn funfun sórí dúdú, bó bá sì ṣe àṣìṣe, yóò kùn ún bò. Nínú ọ̀dà olómi tòótọ́, bébà tí búrọ́ọ̀ṣì kò kàn ni funfun. Ayàwòrán ní láti mọ ibi tí kò ní fọwọ́ kàn kó tó bẹ̀rẹ̀, kó ti orí àwọ̀ tó fúyẹ́ máa lọ sí èyí tó ṣókùnkùn, nítorí ohun tó bá ti ṣókùnkùn ṣòro láti dá padà. Gouache ni ẹ̀yà rẹ̀ tó ki, tó ń bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń ṣàtúnṣe níhìn-ín àti lọ́hùn-ún.

Nítorí pé ó fúyẹ́ láti gbé, tó sì tètè ń gbẹ, ọ̀dà olómi ni àwọn tó ń kọ́ nípa ẹ̀dá inú igbó ń gbé rìnrìn-àjò ní ọ̀rúndún 18 àti 19, kí kámẹ́rà tó gbòde. Òun ni wọ́n fi ṣe àkọsílẹ̀ ewé, kòkòrò, ẹja àti ẹyẹ ilẹ̀ tí àwọn ará Yúróòpù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wá ní ohùn ẹlẹ́rìí: ó ń sọ fún ẹni tó ń wò ó pé ẹni tó yà á débẹ̀, ó sì fojú ara rẹ̀ rí i. Ohùn yìí gan-an ni Ford yá lò. Ó máa ń kùn bébà rẹ̀ ní àbàwọ́n bíi ti ìwé tó ti pẹ́ nínú àpótí, ó ń fi ọwọ́ ìkọ̀wé àtijọ́ kọ ọ̀rọ̀ sí etí àwòrán, ó sì ń ya ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ní òkú ẹyẹ náà lórí tábìlì. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ lè rò pé iṣẹ́ igba ọdún sẹ́yìn ni. Kìkì títóbi rẹ̀ ló ń já a, nítorí bébà tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 10 kò ṣe é gbé nínú àpò lọ sínú igbó.

Ẹni tí Ford ń bá fà á jù nínú àwọn ayàwòrán àtijọ́ wọ̀nyí ni John James Audubon. Wọ́n bí i ní ọdún 1785 sí Les Cayes ní Saint-Domingue, ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Haiti lónìí. Ọ̀gá ọkọ̀ òkun ará Faransé ni baba rẹ̀, ó sì ní oko ìrèké níbẹ̀ tí àwọn ẹrú ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ Yorùbá mọ̀ pé àwọn Nàgó wà lára àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí erékùṣù náà, orúkọ wọn sì wà nínú ẹ̀sìn Vodou títí di òní. Audubon fúnra rẹ̀ ra ènìyàn, ó sì ta ènìyàn, nígbà tó dàgbà ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ ìwé tó ń yìn ín fún ẹyẹ yíyà ti gbójú fo ọ̀rọ̀ yìí fún ìgbà pípẹ́.

The Birds of America ni iṣẹ́ rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù. Ó jáde láàárín ọdún 1827 sí 1838, àwòrán 435 ló sì wà nínú rẹ̀. Audubon a fi ọ̀dà olómi, pẹ́ńsùlù àti ẹfun aláwọ̀ ya ẹyẹ. Lẹ́yìn náà, Robert Havell ní London ló fín èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sára bàbà fún títẹ̀. Ó ti pinnu pé ẹyẹ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tóbi lórí bébà bó ṣe tóbi láyé, nítorí náà flamingo tirẹ̀ ní láti tẹ ọrùn gígùn wálẹ̀ kí bébà tó lè gbà á. Ẹyẹ rẹ̀ dà bí alààyè ju ti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Ọ̀nà tó ń gbà rí ìyè yìí ni pé yóò yìnbọn pa ẹyẹ, kí òkú rẹ̀ tó gan yóò fi wáyà gún un, yóò sì dè é mọ́ pákó bí èyí tó ń fò tàbí tó ń jẹun. Ikú ni ìdí iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n àwòrán kì í sábà sọ ọ́.

Ìgbà kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́. Ní ọdún 1833, Audubon ra idì oníwúrà kan láàyè. Ó gbìyànjú láti fi èéfín èédú pa á nínú yàrá tó sé pa, kí ìyẹ́ rẹ̀ má baà bàjẹ́. Idì kò kú. Nígbẹ̀yìn, irin ṣóńṣó ló fi gún un lọ́kàn. Nínú àwòrán ọ̀dà olómi tó ya nípa rẹ̀, idì náà gba ojú ọ̀run kan, ehoro sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀, lápá kan, ọkùnrin kékeré kan ń rákò lórí ìtì igi tó dábùú ọ̀gbun, ẹyẹ tó pa wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ti gbà pé Audubon fúnra rẹ̀ ni. Nígbà tí Havell fín àwòrán náà sára bàbà, ọdẹ kékeré yìí kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn tó san owó ìwé náà rí idì, wọn kò rí ẹni tó pa á. Ní ọdún 2004, Ford padà sórí ìtàn yìí nínú àwòrán kan tó pè ní Delirium, tó fi idì náà hàn pẹ̀lú èéfín lẹ́nu. Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ ọdẹ tó pòórá yìí ni yóò lóye Falling Bough dáadáa.

Láti inú àkọsílẹ̀ Audubon ni ẹ̀ka tó ń wó náà ti wá. Ó kọ ọ́ pé ní ìgbà ìwọ́wé ọdún 1813, òun ń lọ láti Henderson sí Louisville ní Kentucky nígbà tí ọ̀wọ́ ẹyẹlé aṣíkiri bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lókè. Ó jókòó, ó ń fi ẹnu pẹ́ńsùlù tò wọ́n: láàárín ìṣẹ́jú 21, ó ti ka ọ̀wọ́ 163. Ojú ọjọ́ ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan, ọjọ́ mẹ́ta sì ni wọ́n fi kọjá. Nígbà tó jókòó ṣe ìṣirò ọ̀wọ́ kan ṣoṣo tó gba wákàtí mẹ́ta kọjá, iye tó rí ni 1,115,136,000. Ó tún ṣàpèjúwe ibi tí wọ́n ń wọ̀ sí lálẹ́ nínú igbó kan lẹ́bàá odò Green River. Ẹyẹ ń bà lé ẹyẹ lórí títí ẹ̀ka igi yóò fi ya lábẹ́ wọn, tí yóò sì wó pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún tó wà nísàlẹ̀. Àwọn ènìyàn ti dúró dè wọ́n pẹ̀lú ìbọn, ọ̀pá àti iná ògùṣọ̀. Àwọn àgbẹ̀ méjì ti da ẹlẹ́dẹ̀ tó lé ní 300 wá láti ọ̀nà jíjìn kí wọ́n lè fi òkú ẹyẹ sanra. Lẹ́yìn tó ti fojú rí gbogbo èyí, Audubon kọ ọ́ pé pípa kò lè dín ẹyẹ náà kù; igbó nìkan ló lè mú kó dín bí wọ́n bá ń gé e, nítorí pé lọ́dọọdún ni ẹyẹ náà ń di ìlọ́po méjì, ó kéré tán.

Audubon nìkan kọ́ ló gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1857, ìgbìmọ̀ kan nílé aṣòfin àgbà ìpínlẹ̀ Ohio gbé àbá òfin ìdáàbòbò yẹ̀ wò, wọ́n sì fèsì pé ẹyẹlé aṣíkiri kò nílò ààbò kankan nítorí bíbí rẹ̀ ti pọ̀ jù. Òtítọ́ rẹ̀ ni pé ẹyin kan ṣoṣo ni abo ń yé lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó ń dáàbò bò wọ́n ni pípọ̀ tí wọ́n pọ̀ lójú kan, èyí tó mú kí ẹranko tó ń pa wọ́n jẹ yó kó tó lè rí ẹyọ kan dín nínú wọn. Ààbò náà ló di àkóbá fún wọn nígbà tí ojú irin àti wáyà dé. Bí ẹyẹ bá ti tẹ̀dó síbì kan, wáyà yóò gbé ìròyìn náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ olówò, ọkọ̀ ojú irin yóò gbé wọn lọ, yóò sì gbé àgbá òkú ẹyẹ dé ọjà ìlú ńlá kó tó rà. Àwọ̀n ni wọ́n fi ń kó wọn. Wọn a rán ìpéǹpéjú ẹyẹlé kan pọ̀, wọn a so ó mọ́ orí ìjókòó kékeré kan tí okùn wà nídìí rẹ̀. Bí wọ́n bá tú okùn náà sílẹ̀, ẹyẹ afọ́jú yìí yóò na apá bí èyí tó ń bà sílẹ̀ láti jẹun, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń kọjá lókè yóò sì tẹ̀lé e bọ́ sínú àwọ̀n. Ní Petoskey ní ìpínlẹ̀ Michigan ní ọdún 1878, ìṣirò tí àwọn òpìtàn sábà ń tọ́ka sí ni pé wọ́n ń pa nǹkan bí 50,000 lóòjọ́ fún nǹkan bí oṣù márùn-ún. Èyí tó gbẹ̀yìn, abo kan tí wọ́n ń pè ní Martha, kú sí ọgbà ẹranko Cincinnati ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1914. Inú òkìtì yìnyín ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ sí lọ sí Smithsonian ní Washington.

Nínú gbogbo ohun tí a ti kà sílẹ̀ yìí, ìbọn, àwọ̀n, ọ̀pá, ẹlẹ́dẹ̀, ojú irin, Ford kò fi ọ̀kan síwájú nínú àwòrán rẹ̀. Kò sí ọdẹ lábẹ́ ẹ̀ka náà. Bí ẹni tó wo ẹyẹ wọ̀nyí bá fẹ́ mọ ohun tó pa wọ́n, ẹ̀rí kan ṣoṣo tó wà níwájú rẹ̀ ni ìwà wọn: wọ́n pọ̀ ju ohun tí igi lè gbé lọ, wọ́n jẹ́ oníwọra, oníjà, òbí tí kò láàánú ọmọ. Igi ya lábẹ́ wọn, ó sì tọ́ sí wọn. Bí àwòrán náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ọ̀dà olómi ti fún un ní ohùn ẹlẹ́rìí, ìyẹ́ àti àwọ̀ ẹyẹ tó péye ti mú kí ẹni tó ń wò ó gba ẹlẹ́rìí náà gbọ́, nípasẹ̀ ìgbàgbọ́ yìí ni ẹ̀sùn èké sì gbà wọlé. Ẹ̀sùn náà kì í ṣe àròsọ Ford nìkan. Àwọn àgbẹ̀ ìgbà náà ka ẹyẹlé aṣíkiri sí ajẹnirun tó ń ba oko jẹ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ pa ohun kan run, ó máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ búburú.

Ibí yìí ni òrofó ti wúlò. Nínú ọ̀rọ̀ àwọn àgbà, òrofó bímọ púpọ̀, ó ń ké kiri pé ilé òun kún, àwọn ènìyàn gbọ́, wọ́n sì lọ kó ọmọ rẹ̀ pa. Ẹnu rẹ̀, ni wọ́n wí, ló pa á. Olùkọ́ sábà máa ń lo òwe yìí láti kọ́ ọmọ ní ìsọ́nu, ó sì ń ṣiṣẹ́ náà dáadáa. Ṣùgbọ́n bí a bá kà á gẹ́gẹ́ bí ìtàn nípa ẹyẹ, ẹni tó gun igi lọ kó ọmọ òrofó kò ní orúkọ, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè ohunkóhun. Gírámà òwe náà ti fi òrofó ṣe olùṣe àti olùfaragbá lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí kò fi hàn pé òǹpòwe Yorùbá kò mọ̀ pé ọdẹ wà. Ìjálá nìkan tó láti já irọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí níbẹ̀ ọdẹ ń dúró gbangba níwájú ẹran tó ń kì, ó sì ń sọ pé òun ń pa á, òun sì ń jẹ ẹ́. Ó kàn fi hàn pé ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ kan wà, nílé lóko, tó ń yọ ọwọ́ apani kúrò nínú ìtàn, tí gbólóhùn náà sì ń dún bí ọgbọ́n. Ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ yìí ni Ford ya sórí bébà.

Ó ṣeé ṣe kí lámèyítọ́ kan takò ó pé ẹni tí kò bá mọ ìtàn Petoskey àti ti Martha yóò gba ẹ̀sùn náà gbọ́ tán, yóò sì lọ sílé pẹ̀lú rẹ̀. Àtakò tó lágbára ni, àwòrán náà kò sì ní èsì kan tó fi ń borí rẹ̀ pátápátá. Ó gbára lé ìmọ̀ tí kò sí lórí bébà. Síbẹ̀, ohun kan wà lórí bébà tó ń da ẹ̀sùn náà rú. Bí ẹyẹ orí ẹ̀ka bá jẹ́ àpẹẹrẹ ìwọra tó ń pa ara rẹ̀, kí ni ti ogunlọ́gọ̀ tó ń kọjá lọ́nà jíjìn? Àwọn wọ̀nyẹn kò jà, wọn kò gun ẹ̀ka kankan, wọn kò ṣe ọmọ níkà. Òfuurufú ni wọ́n ń gbà lọ sí ibòmíràn. Ẹ̀ka kan lè wó pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹyẹ, ṣùgbọ́n kò lè pa àwọn tó wà lójú ọ̀run. Ohun mìíràn ló pa wọ́n, kò sì sí nínú àwòrán. Títóbi bébà náà ń ṣèrànwọ́ níbi yìí, nítorí ẹni tó bá súnmọ́ ọn tó láti rí ẹyẹ tó ń jà kò lè rí ojú ọ̀run mọ́. Ó gbọ́dọ̀ fà sẹ́yìn, kó tún wò ó.

Ó yẹ kí a gbé Falling Bough sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán tí Audubon fúnra rẹ̀ ya nípa ẹyẹlé aṣíkiri ní ọdún 1824, èyí tó di àwòrán 62 nínú The Birds of America. Ẹni tó ka iye tó lé ní bílíọ̀nù kan lójú ọ̀run, méjì péré ló yà: akọ àti abo, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, wọ́n fi ẹnu kan ẹnu bí ẹni tó ń fún ara wọn lóúnjẹ. Àyà akọ pọ́n bí àwọ̀ osùn tí omi là. Àwòrán tó lẹ́wà ni, tó sì tuni lára, kò sì sí ohun kan nínú rẹ̀ tó sọ̀rọ̀ nípa igbó Green River. New-York Historical Society ló ni ojúlówó rẹ̀. Wọ́n ra àwọn àwòrán ọ̀dà olómi Audubon lọ́wọ́ Lucy, opó rẹ̀, ní ọdún 1863. Nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ń jẹ ọ̀dà olómi, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀ wọn fún àwọn olùwòran. Inú òkùnkùn ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀, kí àwọ̀ rẹ̀ má baà ṣí.